Bọ́tìnì Kò Ṣílẹ̀kùn

A ti pa iná. Gbogbo àwa tí à ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì nílé-iṣẹ́ aṣọ wa, tí à ń ká a, tí à ń gán bọ́tìnì sí i ti lóṣòó sẹ́yìn ìdì aṣọ nínú yàrá ìkẹ́rù. Ìdánrawò ni. Sájẹ́ńtì, ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ni ọ̀gá wa gbà láti wá kọ́ wa bí a ó ṣe gba ara wa là bí agbébọn bá já wọ ibi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe bí agbébọn lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tiwa ni kó má mọ̀ pé ènìyàn wà nínú yàrá.

A gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò, kò, kò. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó wúkọ́ díẹ̀, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Òo! A dúpẹ́ o!" Gbogbo wa la jọ dáhùn bí ìgbà tí wọ́n bá ní ká ṣe àmín.

Ìyá Àgbà, olórí àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ní yàrá yẹn, ni ohùn wọn ròkè jù. Wọ́n tiẹ̀ tún fi èènì sí i: "Ẹ kú àbọ̀, sà!"

Ẹ̀rín pa wá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ẹni méjì péré ni kò rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ńtì ni ọ̀kan, Bọ́tìnì ni èkejì.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Bọ́tìnì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé-ìwé girama ni. Bọ́tìnì la sọ ọ́ nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, ó sì tún rí róbótó bí i bọ́tìnì. Wọn kò tíì gbà á tán síṣẹ́, wọ́n ṣì ń dán an wò ni. Bí oṣù náà bá parí, ọ̀gá yóò sọ bóyá kó dúró tàbí kó máa lọ. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ó já lulẹ̀ láti orí àkàbà, kò sì tíì lè fi ẹsẹ̀ rìn dáadáa. Ohun tí ọmọ yìí bá mú lọ sílé ni wọ́n ń jẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, ojú yóò pọ́n wọn.

Sájẹ́ńtì tan iná, ó wò wá lọ, ó wò wá bọ̀.

"Gbogbo yín ti kú," ó ní. "Ṣé ẹ rò pé agbébọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ni? Ó lè jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ rí. Ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyá, ó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní bọ̀ọ̀dá. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Ojú ti Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Sájẹ́ńtì, ó ti mọ́ wa lára ni. Bí wọ́n bá kí ènìyàn tí kò dáhùn, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, ìyá mi. Ẹni tó bá yè ló lè tọrọ àforíjì."

Ló bá tún ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀nà bá wà, ká sá jáde, ká má wẹ̀yìn wo báàgì. Bí kò bá sí ọ̀nà, ká sápamọ́, ká ti ìlẹ̀kùn, ká fi tábìlì dí i, ká pa ohùn fóònù. Bí agbébọn bá wá bá wa níbẹ̀, tí kò sí ibi tí a lè gbà mọ́, ká pawọ́ pọ̀ bá a jà, ká fi áyọ́ọ̀nù àti àga là á. Ó ní ẹnì kan ní yàrá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú. Ẹni náà kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ ọ̀rọ̀ tí a jọ fẹnu kò lé lórí. Ojú ẹsẹ̀ la ṣa ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín ni, mi ò sì ní kọ ọ́ síbí, torí a ṣì ń lò ó. Ọ̀gá náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ń ṣà á, ṣùgbọ́n fóònù ló wà létí wọn, wọ́n kàn ń mi orí.

"Ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí mú?" Sájẹ́ńtì bèèrè.

Oníkálukú ń wo àjà. Bọ́tìnì nawọ́ sókè. "Èmi á dì í mú, sà."

Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìyá Àgbà ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà o."

"Àkísà kọ́ la fẹ́ fi tìlẹ̀kùn, mà," ni mo fèsì. Wọ́n wò mí bíi kí wọ́n gbá mi létí.

Ọmọ náà kò fi iṣẹ́ ṣeré rárá. Bí a bá ń sinmi lọ́sàn-án, yóò ní ká wọ yàrá ìkẹ́rù, yóò wá dúró níta, yóò máa kí wa oríṣiríṣi. Ẹni tó bá dáhùn ni yóò gbálẹ̀ nírọ̀lẹ́. Mo gbálẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ṣì ń dán òun náà wò, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ kú ipò o, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́!"

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí a kò retí ni aago ìdánrawò dún. Sájẹ́ńtì ti dúró sí ẹnu ọ̀nà tí à bá gbà sá jáde, nítorí náà a yà sí yàrá ìkẹ́rù. Bọ́tìnì ka orí wa, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó pa iná. Sájẹ́ńtì dé ẹnu ọ̀nà, ó kí wa. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara wọn. Ìró bàtà náà sì kọjá lọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ sí i la gbọ́ ẹlòmíràn tó ń kanlẹ̀kùn.

"Èmi ni o. Ó ti parí, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ohùn ọ̀gá wa ni. A dúró ká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, a kò gbọ́ ọ.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Èmi ọ̀gá yín ni! Àwọn oníbàárà wà pẹ̀lú mi níbí!"

Ọ̀rẹ́ Bọ́tìnì fà á láṣọ, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣí i, jọ̀ọ́! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé àwa méjèèjì ni? Ta ni yóò máa bọ́ bàbá rẹ?"

Ìyá Àgbà náà nawọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá, ọmọ yìí. Ọ̀gá la ń tìlẹ̀kùn mọ́ yẹn."

Bọ́tìnì kúnlẹ̀ fún wọn. Ó kúnlẹ̀ tán, ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ forí jì mí, mà. Mi ò lè fún yín. Bí ẹnì kan bá ti ìbọn sí ọ̀gá lọ́rùn ńkọ́? Ohùn ta lẹ rò pé a ó gbọ́?"

Ìyá Àgbà fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn, wọ́n wá fi gbá ọmọ náà mọ́ra nínú òkùnkùn.

A wà bẹ́ẹ̀ títí Sájẹ́ńtì fi padà dé, tó sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà yẹn ni Bọ́tìnì ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá dúró síta níwájú àwọn oníbàárà, òógùn ń ṣàn lójú wọn.

"Ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú?"

"Èmi ni, sà."

"Wá bá mi ní ọ́fíìsì."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́kún. Bọ́tìnì ò sunkún ní tiẹ̀. Ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe, ó ń lọ. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, ni mo bá tẹ̀ lé wọn, ni gbogbo yàrá bá tẹ̀ lé wa. A kún inú ọ́fíìsì ọ̀gá débi pé àyè ìnasẹ̀ kò sí.

"Kí lẹ wá ṣe?" ọ̀gá bèèrè.

Ìyá Àgbà ní, "A ò wá jà, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lé ọmọ yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ lé, torí èmi lolórí wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ló ṣe. Èmi àgbà ni mo fẹ́ bà á jẹ́."

"Ta ní ń lé ènìyàn?" ọ̀gá ní. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ náà ni. Mo fẹ́ kó tún un sọ sí mi létí. Ṣé níwájú àwọn oníbàárà lẹ fẹ́ kí n ti bi í?"

Ẹ̀rín ńlá sọ láàárín wa. Bọ́tìnì lọ sọ ọ́ sí wọn létí, ọ̀gá tún un sọ bí ọmọ iléèwé. Lẹ́yìn náà, ojú wọn yí padà.

"Nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn," wọ́n ní, "inú kọ́kọ́ bí mi burúkú. Ìgbà tó yá ni mo rántí ọmọbìnrin mi. Báńkì lòun ti ń ṣiṣẹ́. Mo wá ń bi ara mi pé, ta ló di kọ́kọ́rọ́ mú níbi tí ọmọ tèmi wà? Kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ irú ọmọ yìí." Wọ́n yíjú sí Bọ́tìnì. "Má dúró de òpin oṣù mọ́. O ti di òṣìṣẹ́ wa. Sọ fún bàbá rẹ pé mo ní wọ́n kú iṣẹ́ ọmọ títọ́."

Ìgbà yẹn ni Bọ́tìnì tó sunkún.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ má fi ṣeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ẹ̀mí ènìyàn sí yín lọ́wọ́, ẹ má jẹ́ kí ojú àgbà tàbí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ìṣọ́ra loògùn àwáyé-pẹ́. Mo ti ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì nílé-iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, n kò sì tíì yangàn rí bí mo ṣe yangàn lọ́jọ́ náà, nígbà tí oníbàárà kan bi mí pé ọmọ ta ni èyí, tí mo sì dá a lóhùn pé, "Ọmọ wa ni."