Obìnrin Tó Ń Jókòó Lábẹ́ Àká

Adìẹ wa kò rìn lábẹ́ àká mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn. Láàárín àwọn òpó tó gbé àká dúró ni òjìji ti máa ń tutù jù lọ́sàn-án, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń tan ilẹ̀. Wàyí o, bí wọ́n bá dé etí òjìji, wọ́n á wò ó díẹ̀, wọ́n á ṣẹ́rí padà.

Lọ́jọ́ kẹta ni mo rí obìnrin náà. Ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fi ìborùn bojú. Mo rò pé ará òdìkejì odò ló wá sinmi. Mo kí i.

“Ọ̀la wá ńkọ́, àbúrò mi?” ó bi mí jẹ́jẹ́.

Ẹ má bú mi pé mo jókòó tì í. Lọ́dún tó kọjá òjò kọ̀, a wa gbòǹgbò igbó jẹ, ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ti lọ ṣiṣẹ́ ní Joni, ìlú àwọn awakùsà tó jìnnà réré, lẹ́tà wọn ti dáwọ́ dúró. Èmi àti Biziweki, ọkọ mi, la kù nínú ọgbà. Mo rò ó fún un. Bí òjò bá tún kọ̀ ńkọ́? Bí kòkòrò bá wọ àká ńkọ́? Ó kàn ń sọ pé, “Hẹn-ẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?” Ìgbà tí mo fi dìde, oòrùn ti wọ̀, ńsímà, òkèlè àgbàdo wa, ti jóná nínú ìkòkò, mi ò sì mọ ibi tí ọ̀sán gbà lọ.

“Nambewe, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?” Biziweki béèrè.

“Àlejò ni.”

“Àlejò tí kì í kí baálé ilé! Bó bá tún wá, sọ fún un kó yá mi ní ìyàwó mi, kódà kó jẹ́ fún oúnjẹ alẹ́ nìkan.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín, iye apẹ̀rẹ̀ àgbàdo tó kù ni mò ń rò.

Ojoojúmọ́ ló ń wá. Màá jáde lọ́sàn-án, màá tún rí ara mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo gbin àgbàdo lọ́dún yẹn, torí ẹrẹ̀ wà lára ọkọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò rántí òjò àkọ́rọ̀. Lọ́jọ́ kan mo gbójú sókè, àgbàdo ti ga jù mí lọ, ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹnì kan sì ń wúkọ́ nínú ilé. Biziweki ló dùbúlẹ̀ lórí ẹní, eegun èjìká rẹ̀ ti yọ síta.

“Ìgbà wo nìyí bẹ̀rẹ̀?”

Ó yíjú sí mi. “Ó ti pé oṣù mẹ́ta, Nambewe. Ìwọ náà lò ń fún mi lóògùn. Ojú rẹ ni kì í sí níbí.”

Mo kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, “Àgbàdo ti tó sun. Sun ọ̀kan, ká jọ jẹ ẹ́.”

Mo ti ka àgbàdo tútù léèwọ̀ lóko wa, torí èyí tí a bá jẹ ní tútù kò ní dé àká. Mo fẹ́ ní kó dúró kó gbẹ ná, ni ohùn kan wá láti ìta: “Bí o bá ya ọ̀kan lónìí, mélòó ni yóò kù lọ́la?”

Ohùn èmi gan-an ni. Mo jáde. Obìnrin náà ṣí ìborùn lójú. Àpá tí ẹ̀kọ gbígbóná dá sí mi ní àgbọ̀n nígbà tí mo wà lọ́mọdé wà ní àgbọ̀n tirẹ̀. Ó sanra, ara rẹ̀ ń dán bí ẹni tó jẹun yó lọ́dún gbáko. Èmi ti gbẹ, ìró mi yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sóko, mo ya mẹ́rin. Bí mo ṣe ń dáná, ó ń pè mí, ó tún ń sunkún. Mi ò wẹ̀yìn. Mo gbé Biziweki ti ògiri. Ọ̀sán yẹn gùn. Mo gbọ́ bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe ń ta nínú iná.

“Ó ti jóná díẹ̀,” mo wí.

“Jẹ́ kó jóná. Ìyàwó mi ti dé.”

Ó sọ bó ṣe fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ fún àwọn ajá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn, ó sì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó kú.

Nílùú wa, bí ọkọ bá kú, ìyàwó ni yóò dìde ro àìsàn náà fún àwọn ẹbí rẹ̀: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ, ohun tó sọ. Lameki, ẹ̀gbọ́n Biziweki, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó sílẹ̀ nínú ọgbà. Mo ro ọ̀sán yẹn fún wọn, láti orí iná dé orí ajá, títí dé ikú rẹ̀. 

“Ṣáájú ìyẹn ńkọ́, ìyàwó wa?” Lameki béèrè. “Oṣù mẹ́ta ló fi ṣàìsàn. Ẹ sọ ọ́ fún wa.”

Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ni ohùn mi bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àká. “Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ ni. Ó sáré bọ́ síta, ó ń jó nínú òjò bí ọmọdé, ó ní kí n máa bọ̀…”

Gbogbo wọn yíjú sí obìnrin náà bí ẹni pé èmi ni. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní, “Ìyàwó rere.” Ó ro ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwàdà Biziweki, orin tó ń kọ nídìí ọkọ́. Kò sẹ́ni tó wo ibi tí mo wà. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo na ọrùn, kí ọ̀rọ̀ kan má baà fò mí nínú ọ̀rọ̀ ọkọ mi.