Àlè Etí Odò Aláró

Kókó mẹ́ta ni mo ta sí okùn àlè náà. Nígbà tí mo padà dé etí odò Aláró láàárọ̀ ọjọ́ kejì, méje ni mo bá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àlè ni àmì tí a máa ń so mọ́ ohun tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn: ìkarawun ìgbín, àkísà pupa, bóyá ọwọ̀ kékeré kan. Ẹni tó bá rí i lórí ìdì igi á bá tirẹ̀ lọ, nítorí kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tèmi, kò sí nǹkan kan. Tíṣà ni mí, ọmọ ìjọ sì ni mí. Àsíá pupa tí àwọn ọmọ fi ń sáré ìje nílé ìwé wa ni mo ya, mo fi okùn so ó mọ́ ìkarawun.

Ohun tó fà á nìyí. Ọdún méjì gbáko ni àwa ará abúlé wa, lẹ́yìn ìlú Ìjagun, fi kó ọ̀rá àti ike kúrò nínú odò yẹn, tí a sì gbin ọparun sí etí rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà máa ya wọ inú omi. Ẹja padà. Àfi bí ẹnìkan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó sínú omi láti fi pa wọ́n. Oògùn yẹn kì í yan ẹni tí yóò pa. Ẹja léfòó, ikùn wọn kọjú sókè. Àkèré kú. Ọmọ mẹ́ta ní kíláàsì mi mu omi náà, wọ́n bì títí wọ́n fi dákú. Bẹ́ẹ̀ a kò rí ẹni tí yóò máa ṣọ́ odò láti àárọ̀ dalẹ́. Ni mo ṣe so àlè.

Alhaja Rahmah, alága ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú odò, rẹ́rìn-ín títí.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Alhaja. Ẹ̀kọ́ ni mo ń kọ́ wọn."

Nígbà tí mo fi kókó méje hàn án, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ṣe déédéé, omi sì ń kán lára wọn, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

"Ọwọ́ mi ò kàn án o," ló wí, jẹ́jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, Olúṣẹ́gun apẹja wá bá mi nílé kí n tó lọ síléèwé. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó gbé igò oògùn kan kalẹ̀, kò tíì ṣí i.

"Èmi ni mò ń dà á, mà. Ẹ bá mi bẹ màmá tí ẹ fi ṣọ́ odò."

"Màmá wo?"

"Èyí tó jókòó sínú omi. Omi mù ún dé àyà, síbẹ̀ gèlè rẹ̀ gbẹ. Àná ni mo kọ́kọ́ rí i. Lónìí, ó tún wà níbẹ̀. Kò bú mi. Okùn àlè ló ń tún so. Ó ní ọmọ òun ò mọ okùn so láti kékeré."

Mo sún mọ́ ọn.

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní kí n gbé igò yìí fún Àwẹ̀ró. N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ so àlè, ni mo ṣe gbé e wá bá yín."

Ìyá mi nìkan ló ń fi oríkì yẹn pè mí. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti sin ín.

Mo kìlọ̀ fún Olúṣẹ́gun kó má da oògùn náà sílẹ̀, nítorí òjò á tún wọ́ ọ padà sódò. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ló gbà á lọ́wọ́ wa. Lónìí, àwọ̀n ló fi ń pẹja, òun náà ló sì ń lé àwọn tó fẹ́ da ìdọ̀tí síbẹ̀. Omi mọ́ débi pé a ń rí yanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀. Inú mi dùn.

Àwọn àgbà ní bí èèyàn bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kó má ṣe dáhùn. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ láti pọn omi, ẹnìkan pè mí láti òdìkejì odò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Àwẹ̀ró."

Mo ní, "Ẹ̀n, màámi."