Iyọ̀ Òyìnbó

Ìtùnú jí nígbà tí Kérésì ku ọ̀la. Ọyẹ́ mú gan-an ní Ìkàrẹ́. Ètè Ìtùnú gbẹ, imú rẹ̀ tutù, àmọ́ inú rẹ̀ dùn.

Yèyé ti dé láti Ọ̀kà. Yèyé ló bí màmá Ìtùnú.

"Yèyé, ṣé òní la máa ṣe bisikíìtì?"

"Òní ni. Lọ fọ ọwọ́ rẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Ìtùnú fẹ́ fún ní bisikíìtì náà. Màmá Safinat ni, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn.

Lọ́jọ́ kan, ibà mú Ìtùnú. Màmá rẹ̀ wà lọ́jà, bàbá rẹ̀ wà níbi iṣẹ́. Màmá Safinat ló pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn. Ó sáré, sáré, sáré. Sálúbàtà rẹ̀ já lọ́nà, kò dúró mú un.

Ìtùnú kò tíì dúpẹ́. Ojú ń tì í. Bisikíìtì ló fẹ́ fi dúpẹ́.

"O káre," ni Yèyé wí. "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni."

"Èmi kì í ṣe ọlọ́ṣà o."

"Ó dáa. Gbé abọ́ wá."

Yèyé da fúláwà sínú abọ́. Gbogbo fúláwà tó wà nílé ni. Fùùù! Ojú Ìtùnú di funfun.

Ẹyin wọlé, pọ́. Bọ́tà wọlé, pọ̀.

"Bu iyọ̀ òyìnbó wá, ọmọ mi. Ṣíbí mẹ́ta."

Ìtùnú wọ ilé ìdáná. Ó rí ọ̀rá iyọ̀ kan. Wọ́n kọ èdè òyìnbó sí i lára.

"Iyọ̀ rèé. Òyìnbó rèé. Iyọ̀ òyìnbó nìyí."

Ó gbé e wá, ó bù ú sínú abọ́, ṣà, ṣà, ṣà. Yèyé ń fẹ́ iná lọ́wọ́, kò rí i.

Wọ́n pò ó. Gbì, gbì, gbì.

Ìtùnú tọ́ ọ wò. "Túè!"

Yèyé náà tọ́ ọ wò. "Túè! Kí lo bù síbẹ̀?"

"Iyọ̀ òyìnbó tí ẹ ní kí n bù."

Yèyé wo ọ̀rá. Ó wo Ìtùnú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣúgà ni. Ṣúgà là ń pè ní iyọ̀ òyìnbó nígbà tèmi."

Ìtùnú kò rẹ́rìn-ín. Omi dé sí i lójú. "Fúláwà ti tán. Kí ni mo máa fi dúpẹ́ báyìí?"

Yèyé gbé e lé ẹsẹ̀. "Má sunkún. Ẹnu àgbà mi ló fà á."

Ìtùnú ronú. Bí ọbẹ̀ bá níyọ̀ jù, Màmá máa ń bu omi sí i.

"Yèyé, ẹ jẹ́ ká bu fúláwà sí i. Fúláwà tó pọ̀."

"Ọgbọ́n nìyẹn. Ta ló ní fúláwà?"

Ẹni tó ń tà á ládùúgbò ti rìnrìn àjò. Ẹnì kan ló kù, tó ń dín pọ́fùpọ́fù láràárọ̀.

Màmá Safinat ni.

"Ó parí," ni Yèyé wí.

Ìtùnú gbé abọ́ òfìfo. Ó lọ. Ó padà. Ó tún lọ.

Kó, kó, kó.

Màmá Safinat ṣílẹ̀kùn. Safinat yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Ìtùnú kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní fúláwà."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ìtùnú wolẹ̀. Kò fẹ́ purọ́. "Mo fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Fúláwà mi lo fẹ́ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bisikíìtì yín ló níyọ̀ jù." Ni ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde lẹ́nu Ìtùnú. "Ẹ ṣeun tí ẹ pọ̀n mí. Ẹ ṣeun tí ẹ sáré. Ẹ pẹ̀lẹ́, sálúbàtà yín já."

Màmá Safinat fa Ìtùnú dìde. Ó fi etí ìborùn nu ojú.

"Ọpẹ́ rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi, Ìtùnú. Bisikíìtì kò tíì jinná, ó ti dùn lẹ́nu mi."

Ó bu fúláwà kún abọ́. Òun àti Safinat sì tẹ̀ lé Ìtùnú lọ sílé.

Wọ́n tún un pò. Gbì, gbì, gbì. Ṣúgà wọlé. Ìtùnú kọ́kọ́ tọ́ ọ lá kó tó bù ú.

Wọ́n fi ẹnu ife gé e, róbótó, róbótó. Yèyé da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, ó gbé e ka iná. Ó to bisikíìtì sórí páànù, ó gbé e lé yanrìn, ó dé ìkòkò.

Wọ́n ń retí. Òórùn dídùn gba gbogbo àgbàlá.

Fúláwà pọ̀, nítorí náà bisikíìtì pọ̀. Ìtùnú fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo kan fún Màmá Safinat.

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ìwọ lo ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ọ sí."

"Àmín," ni Yèyé wí. "O ṣeun fún fúláwà, Ìyá Safinat."

"Ẹ̀yin lẹ ṣeun, Yèyé."

"Rárá o, ìwọ lo ṣeun."

Safinat wò wọ́n. Ẹnu rẹ̀ ti kún.

"Ẹ máa dúpẹ́ lọ," ló wí. "Èmi ń jẹ tèmi."

Ni Ìtùnú bá jókòó tì í.

Wómú, wómú, wómú.