Ṣé Ẹ Gbọ́ Ohun tí Atukọ̀ Wí?

"Ẹ má ti ara yín o! Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Ihò yìí kò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ!"

Ohùn bàbá Pẹ́pẹ́yẹ nìyẹn, bó ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín èrò. Nígbà náà, kí ó tó di pé kálukú ń tẹ fóònù níbi tó bá dúró sí, ibi tí èrò máa ń pọ̀ sí jù nínú ọgbà ìgbafẹ́ etí ìlú náà ni ẹnu Ihò Atukọ̀. Ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ló ń gbé ènìyàn wọ inú ihò kan tí wọ́n fi símẹ́ńtì mọ, tó ṣókùnkùn biribiri, tí yóò sì gbé wọn yọ lódì kejì. Ìrìn náà kò gùn rárá. Kí o tó jẹ gúgúrú ọwọ́ rẹ tán, o ti jáde. Dídúró dè é ló gùn. Oòrùn á máa ta, ọmọdé á máa ké, àwọn irin tí wọ́n fi pààlà fún ìlà á gbóná. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ráhùn, nítorí pé bàbá Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa sọ ìtàn fún àwọn tó wà lórí ìlà. Á dé fìlà atukọ̀, á wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún, á sì bẹ̀rẹ̀ níta lábẹ́ òrùlé páànù: atukọ̀ kan wà, ó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo, ọmọ náà rí iná tó ń ṣẹ́jú nínú ihò, ó tọ̀ ọ́ lọ, kò padà wá mọ́. Ni atukọ̀ bá gbé ọkọ̀ rẹ̀, ó di inú ihò. Bí ìlà bá ṣe ń sún ni ìtàn náà ń sún. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, bàbá á mú ìyá arúgbó aláròyé kan wọ inú ìtàn, tí yóò máa bá atukọ̀ jiyàn lórí ọ̀nà, àwọn ènìyàn á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Bí ọkọ̀ bá ti dé, ìyá arúgbó á dákẹ́ wẹ́lo. Ní ìparí ìlà, gbogbo wọn á wọ Yàrá Òkùnkùn, ilẹ̀kùn á tì, bàbá á sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Nígbà tí àdán fọn," ni yóò wí, "atukọ̀ kó ọwọ́ mọ́ àyà, ó jókòó pa. Ẹ̀yin náà, ẹ kó ọwọ́ mọ́ àyà, ẹ jókòó pa. Òkúta ibẹ̀ kì í mọ ọmọ olóore."

Ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà nìyẹn, nítorí àdán ẹlẹ́rọ kan ń fọn nínú ihò náà lóòótọ́, òkúta sì yọ sétí ọ̀nà ọkọ̀. Wọn kò kọ ìkìlọ̀ sára ògiri, torí ta ló ń ka ìkìlọ̀? Inú ìtàn ni wọ́n fi í sí. Ọkùnrin tó ń gbé èrò sínú ọkọ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìdákọ̀ró nítorí pé kì í kúrò lójú kan, á wá béèrè pé: "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Atukọ̀ wí?" Wọ́n á pariwo pé: "A gbọ́!" Bí wọn kò bá dáhùn bẹ́ẹ̀, kò ní ṣí irin ọkọ̀ fún wọn.

Láti kékeré ni Pẹ́pẹ́yẹ ti ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ kiri orí ìlà yìí bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ náà. Kò sí ibi tí kò mọ̀ nínú ìtàn ọ̀hún. Nígbà tó wà ní kékeré, ó máa ń fi bàbá rẹ̀ yangàn. Ìgbà tó wọ ilé ìwé girama ni nǹkan yí padà. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan wà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó jẹ́ pé ohun tó bá sọ labẹ gé láàárín àwọn ọmọbìnrin. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ọmọ aláàlọ́.

"Ọmọ aláàlọ́, ṣé bàbá rẹ ò tíì rí ọmọ tó sọnù yẹn ni?"

Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni yóò jókòó sí ìdí fèrèsé, á máa ṣe bí ẹni tó ń kàwé. Ó ń dùn ún wọra.

Nígbà tí wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn lọ́dún tó ku ọdún kan kí wọ́n jáde, ọ̀fun bàbá rẹ̀ wú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi san. Ọ̀gá obìnrin tó ń ṣàkóso ọgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Màdámú, pe Pẹ́pẹ́yẹ sínú ọ́fíìsì.

"Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan tó ń sọ̀rọ̀ wá hàn mí," ni Màdámú wí. "Kì í ṣàìsàn, kì í gba ìsinmi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bàbá rẹ. Bí o bá lè di ipò yìí mú títí ara wọn á fi yá, mi ò ní gba ẹ̀rọ náà. Ṣé o lè ṣe é?"

"Mo lè ṣe é, Mà."

Nílé, bàbá gbé fìlà náà lé e lórí. Ó bò ó dé ojú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ tí dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ: "Má fo nǹkan kan."

Ẹ wo bó ṣe dùn tó lórí ìlà! Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀, àgbàlagbà ń mi orí. Ìyá arúgbó aláròyé tirẹ̀ tiẹ̀ mọ yẹ̀yẹ́ ṣe ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ìdákọ̀ró ní, "Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́." Pẹ́pẹ́yẹ á délé, á ròyìn fún bàbá rẹ̀, bàbá á máa pàtẹ́wọ́ nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀. Títí di òní, kò sí àkókò kan tó tún wù ú bí ìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan tí èrò pọ̀ jọjọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì yọ sí i.

"Háà! Ọmọ aláàlọ́ ti di aláàlọ́ pọ́nńbélé!" Ó wo ìlà náà títí dé ìparí, ó pòṣé. "Pẹ́pẹ́yẹ, ìlà yìí ti gùn jù. Ilẹ̀kùn kékeré yẹn ńkọ́?"

"Àwa òṣìṣẹ́ ló ni ín. Ẹ dúró, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn."

"Ìtàn wo? Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wá?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wá sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí ilé ìwé bá wọlé, àárín wa ni wàá máa jókòó sí. Mo ti sọ fún àwọn yòókù. Àbí o ò fẹ́?"

Ẹ má tètè bá a wí, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí. Ẹni tí kò bá dá nìkan jókòó rí nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣeré, kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó létí. Pẹ́pẹ́yẹ wẹ̀yìn, kò rí Màdámú. Ó fa ilẹ̀kùn kékeré.

"Ẹ gba ẹ̀yìn Yàrá Òkùnkùn. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ gbọ́, ẹ ṣáà sọ pé ẹ gbọ́."

"Kí la gbọ́?"

"Ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀, jàre!"

Ó padà sẹ́nu ìtàn rẹ̀. Kò tíì dé ibi tí atukọ̀ ti ń tan fìtílà nígbà tí igbe kan ta jáde láti inú ihò. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara eré ni. Pẹ́pẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ gbogbo ariwo tó wà nínú ihò yẹn, èyí kò sí lára wọn.

Ìdákọ̀ró pa ẹ̀rọ, iná tàn yòò nínú ihò. Wọ́n gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde, ó di ọwọ́ òsì mú, ó ń kérora. Nígbà tí àdán fọn, ó dìde láti gbá a mú, ó fẹ́ pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ń lọ, òkúta kò yẹ̀. Egungun ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

"Màdámú, mo bi wọ́n!" Ìdákọ̀ró ló sáré lọ pàdé rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀. "Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn gbọ́!"

"Wọ́n gbọ́, wọ́n sì tún dìde?" ni Màdámú wí. "Ìdákọ̀ró, má parọ́ fún mi."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Pẹ́pẹ́yẹ rí i pé bí òun bá dákẹ́, ọkùnrin aláìṣẹ̀ yìí ni yóò ru ẹrù òun. Ó ṣí fìlà lórí.

"Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, Mà. Èmi ni mo mú wọn gba ilẹ̀kùn kékeré. Èmi ni mo kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa dáhùn."

Màdámú yíjú sí i. "O ṣeun tí o sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ti fara pa. Ẹ̀rọ kò ní ọ̀rẹ́ tí yóò ṣojúsàájú fún. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò gbé e wá."

Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, ó ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Bàbá kàn fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ béèrè pé: "Ọmọ náà ńkọ́? Ṣé wọ́n ti to egungun rẹ̀?"

"Wọ́n ti tò ó, Bàbá."

"A ó lọ kí i lọ́la." Ó yíjú sí fèrèsé. Ì bá sàn fún Pẹ́pẹ́yẹ kó kúkú nà án.

Wọ́n lọ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyá rẹ̀ kò fi àga lọ̀ wọ́n. Nígbà tí ilé ìwé sì wọlé, kò sẹ́ni tó sún fún Pẹ́pẹ́yẹ kó jókòó láàárín wọn.

Ọ̀fun bàbá san, wọ́n ní kó máa gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: "Múra. Àwa náà fẹ́ to ìlà lónìí."

Wọ́n dúró láàárín èrò. Ẹ̀rọ ń sọ ìtàn atukọ̀, ohùn rẹ̀ já gaara bí ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀, torí kò lójú. Ọmọ kékeré kan ń sunkún lẹ́yìn wọn, ẹ̀rọ kò mọ̀, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Nínú Yàrá Òkùnkùn, ó sọ ọ̀rọ̀ àdán láìfo ohunkóhun. Nígbà tí Ìdákọ̀ró béèrè ìbéèrè rẹ̀, tó sì rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, ó tẹríba fún un.

"A gbọ́," ni bàbá dáhùn. Ṣùgbọ́n kò gbẹ́sẹ̀.

"Bàbá, ẹ wọlé," ni Pẹ́pẹ́yẹ wí.

"Ẹ̀rù omi ń bà mí."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin Atukọ̀?"

"Ta ló sọ fún ẹ pé atukọ̀ ni mí? Ẹnu ni mo fi ń tukọ̀. Mi ò wọ ọkọ̀ yìí rí láyé mi."

Ni Pẹ́pẹ́yẹ bá dì í lọ́wọ́ mú, ó fà á wọlé. Àdán fọn. Wọ́n kó ọwọ́ mọ́ àyà, wọ́n jókòó pa. Níbi tí ihò ti fẹ́ parí, iná kan tàn, ère ọmọbìnrin kan dúró sí etí omi, ó gbé fìtílà sókè. Bàbá wò ó títí ọkọ̀ fi kọjá.

"Gbogbo ọdún yìí," ló wí, "mo rò pé bàbá ló ń wá ọmọ. Àṣé ọmọ ló dúró dè é." Ó nu ojú. Pẹ́pẹ́yẹ sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ó ti di ìyá ọmọ báyìí. Bàbá rẹ̀ ti kú. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú, tí wọ́n ní ìlà ti gùn jù, ó máa ń sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n bá sọ fún ènìyàn níbi ìdúró ni yóò ṣọ́ ọ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ẹni tó bá fo ìdúró ti fo ìkìlọ̀, ẹni tó bá sì fi ohun ìní bàbá rẹ̀ ra ọ̀rẹ́ yóò pàdánù méjèèjì. Nígbà mìíràn, ó máa ń lọ dá dúró lórí ìlà yẹn, kì í wọ ọkọ̀. Á tẹ́tí sílẹ̀ sí ẹ̀rọ náà. Ohùn àjèjì ni. Ohùn bàbá rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí gbà á sílẹ̀.