Ta Ló Tú Jíà Ọkọ̀ Sọ̀fíyátù?

Ọ́ìlì jíà pupa ṣì ń kán sínú ike lábẹ́ ọkọ̀ Sọ̀fíyátù, ṣùgbọ́n ọpọlọ jíà náà, irin pẹlẹbẹ tó ń darí ọ́ìlì nínú jíà tó ń yí fúnra rẹ̀, ti di àwátì. Ẹnìkan tú u lọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà ní Èjìgbò ṣófo fún ìrun Jímọ́ọ̀.

"Ọwọ́ yín ni mo fi mọ́tò lé, Ọ̀gá Bùràímọ̀!" Sọ̀fíyátù pariwo. "Ẹ gbé e fún mi!"

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí Bùràímọ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń tún mọ́tò ṣe níbẹ̀. Bó bá sun àtìmọ́lé, ta ni yóò tún gbé mọ́tò wá fún un?

Insipẹ́kítọ̀ Àṣàbí bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ náà. "Bàbá, báwo ni wọ́n ṣe ń tú u?"

"A ti fa ọ́ìlì, a sì ti sọ àwo ìsàlẹ̀ kalẹ̀ kí a tó lọ kírun. Ó ku kí èèyàn yọ wáyà, kó tú bọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ́ìlì kán tó, ẹni tó bá sọ ọpọlọ kalẹ̀, èyí tó kù nínú rẹ̀ á ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́ onítọ̀hún."

Apá Bùràímọ̀ mọ́ tónítóní. Àṣàbí yíjú sí Mùkáílà, alájọṣiṣẹ́ Bùràímọ̀ tó ti Àbíjàn dé, tí kọ́kọ́rọ́ kejì ṣọ́ọ̀bù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sááfù iwájú ni mo wà ní mọ́ṣáláṣí, wàláhì," ni Mùkáílà wí. "Ẹ̀yìn ni Bàbá máa ń wà. Ta ló rí wọn?"

"Ẹ ṣe àlùwàlá?"

"Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Ta ló ń kírun láìṣe é?"

"Ẹ ti fọwọ́ kan mọ́tò látìgbà tí ẹ dé?"

"Rárá o. Ẹ̀yin ọlọ́pàá ni mo bá níbí."

"Ẹ ká apá jàlàmíà yín sókè."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló bá a ká a. Ọ́ìlì pupa ti gbẹ mọ́ ọn láti òkè ọrùn-ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ibi tí aṣọ kò bò nìkan lẹ fọ̀," Àṣàbí wí. "Ẹni tó bá ṣe àlùwàlá á fọ apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ẹ ò dé mọ́ṣáláṣí rárá."

"Pádọ̀ọ̀, madam, ẹ foríjì mí," ni Mùkáílà bẹ̀bẹ̀. " Oníbàárà mi kan ní Ìṣùndùnrín ti ń yọ mí lẹ́nu láti oṣù mẹ́ta pé kí n bá òun wá ọpọlọ jíà. Irú mọ́tò kan náà ni."

Inú búùtù mọ́tò ará Ìṣùndùnrín náà ni wọ́n ti bá ọpọlọ jíà, wọ́n fi àkísà wé e.

Wọ́n tú Bùràímọ̀ sílẹ̀. Sọ̀fíyátù kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ dìde, jàre. Fóònù yín ni kí ẹ yá mi. Wọ́n ti lọ sọ fún ìyá mi pé ọlọ́pàá mú mi."

Ó gba fóònù, ó tẹ nọ́ńbà. "Ìyá, èmi ni. Ẹ má lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá mọ́. Ẹ kàn dáná sílẹ̀. Mò ń bọ̀ wá jẹun."