Èpìyà Tí A Kò Ha Ìpẹ́ Rẹ̀

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 2025, Sabina aya mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. A kò mọ̀ pé ó ní i títí ó fi ṣubú nídìí ẹja tó ń yan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Níní ọmọ ọmọ mi sọ pé nọ́ọ̀sì ni òun máa ṣe. Kò sunkún. Ó sọ ọ́, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì gbá ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń jókòó sí.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù kẹsàn-án, Níní bọ́ sí SS1. Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi í sí. Ariwo ayọ̀ gba gbogbo ilé wa ní Ladi-Lak, létí ọ̀sà. Bàbá rẹ̀, Ọlápọ̀sí ọmọ mi, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, gbé e sókè bí ọmọ ọwọ́.

"Sáyẹ́ǹsì! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́? Níní ti wọ Sáyẹ́ǹsì!"

"Dádì, ẹ gbé mi sílẹ̀ jàre, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn, kó wá bá wa jó."

Ilé-ìwé fún àwọn ọmọ ní fọ́ọ̀mù kí wọ́n lọ yan ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n mú un padà wá kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Gbogbo wọn ló máa ṣe Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Nínú àwọn tó kù ni kí wọ́n ti yan.

Ọlápọ̀sí ló bá ọmọ rẹ̀ yàn án. Ó mú Físíìsì, ó mú Kẹ́mísìrì, ó mú Fọ́dà-Máàtì, ìyẹn ìṣirò tó jinlẹ̀, ó sì mú yíya àwòrán ẹ̀rọ. Nígbà tó kan Báyọ́lọ́jì, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Báyọ́lọ́jì kẹ̀? Ẹja ni wọ́n ń là wò níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sáàárín ẹja! Ṣé ká tún rán an lọ sílé-ìwé kí wọ́n lọ fi orí ẹja hàn án yàtọ̀ sí ìrù ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

"Sáyẹ́ǹsì ni Sáyẹ́ǹsì," ni Ọlápọ̀sí wí. "Ká sáà ti mú èyí tó le jù. Ẹni tó bá ṣe èyí tó le, kò síbi tí kò ní lè wọ̀."

Níní kò jiyàn. Ó gbà pé bàbá òun mọ̀ ọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Tíṣà Mojíbọ́lá dé. Ilé-ìwé kan lọ́nà Palmgrove ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Báyọ́lọ́jì. Ọ̀dọ̀ Sabina ló ti máa ń ra èpìyà tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń yẹ̀ wò fún praktíkà. Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, kó tó béèrè ẹja.

Níní ló dìde. Ó gbé abọ́ búlúù tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń ya ẹja àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí.

"Ti praktíkà ni, àbí, mà? A ò ní ha ìpẹ́ ẹ̀. A ò sì ní gé lẹbẹ ẹ̀." Ó mú ọ̀kan, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyẹn ò dáa, lẹbẹ ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí ni wọ́n fẹ́ yà?"

Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Háà! Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

"Ìyá àgbà ni, mà."

"Tíṣà Báyọ́lọ́jì yín máa gbádùn ẹ o!"

"Mi ò ṣe Báyọ́lọ́jì, mà."

"Ṣé kíláàsì Áàtì lo wà ni?"

"Sáyẹ́ǹsì ni, mà. Nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe."

Tíṣà gba abọ́ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe bàbá ọmọ yìí."

Ọlápọ̀sí jáde tòun ti ọ́ìlì lọ́wọ́. Tíṣà kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Bàbá Níní, nọ́ọ̀sì lọmọ yín fẹ́ ṣe, ẹ wá yọ Báyọ́lọ́jì kúrò?"

"Àǹtí, èyí tó le jùyẹn lọ ni mo mú fún un. Fọ́dà-Máàtì ńkọ́?"

"Fọ́dà-Máàtì dáa. Ẹni tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, ó máa wúlò fún un. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ò ní béèrè rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì ni wọ́n máa béèrè. Ọ̀kan ò gbọdọ̀ dín."

"Tó bá gba A nínú gbogbo èyí tó kù ńkọ́?"

Tíṣà nàka sí ọ̀sà. "Ẹ̀yin lẹ ń tún ọkọ̀ ṣe. Ká ní Ìkòròdú lẹ ń lọ. Ẹ dé ebúté, ẹ rí ọkọ̀ kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, àmọ́ Mákòkó ló ń lọ. Ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ nítorí ẹ́ńjìnnì?"

Ọlápọ̀sí wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Rárá," ló wí. Lójijì ló kígbe: "Ọ̀la mà ni ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn!"

"Dádì, mo ti fún wọn ní tèmi lánàá!"

"Ó ṣì bọ́ sásìkò," ni Tíṣà wí. "Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kí wọ́n tó to orúkọ, wọ́n á gbọ́ yín. Tó bá di SS3 tí wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́ sí WAEC, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn."

Kò sẹ́ni tí wọ́n ní láti jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Níní ti wọ yunifọ́ọ̀mù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ọ̀nà Pedro, ọmọ náà ń sáré níwájú.

"Bàbá àgbà, ẹ yára ẹsẹ̀!"

"Àgbà kì í sáré," ni mo dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mo sáré.

A bá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́nu géètì. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa lórí ìdúró. Ó béèrè lọ́wọ́ Níní fúnra rẹ̀ pé kí ló fẹ́ dà, Níní sì sọ fún un. Wọ́n yọ yíya àwòrán ẹ̀rọ, wọ́n fi Báyọ́lọ́jì sí i. Ọlápọ̀sí tún fẹ́ gbé e sókè. Níní sá wọ kíláàsì.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ tó wu ọmọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó yan ẹ̀kọ́ fún un. Ẹ wá lọ wádìí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń béèrè fún iṣẹ́ náà. Ó wà nínú ìwé tí JAMB ń gbé jáde. Tíṣà tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn náà á sọ fún yín. Ẹnjiníà kò lè ṣe láìsí Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Ìṣirò. Ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn kò lè ṣe láìsí Báyọ́lọ́jì. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọmọ fẹ́ràn, ilé-ìwé tẹ́kíníkà wà, ìdánwò NABTEB sì wà fún un. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe lè padà lọ jókòó fún GCE, ṣùgbọ́n òun nìkan ni yóò dá kọ́ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ ní kíláàsì. SS1 ni kí ẹ ti béèrè. Ẹ má yan èyí tó le nítorí pé ó le.

Ohun tí Sabina fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí: àgbá tó fi ń yan ẹja. Ọ̀bẹ kékeré kan tí a fi okùn wé èèkù rẹ̀. Àpótí ìjókòó. Abọ́ búlúù. Ọkọ kan. Ọmọ kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Ọmọ ọmọ kan tó ń ka Báyọ́lọ́jì.