Ohùn Inú Páìpù Abẹ́lẹ̀

Ọ̀sán gangan lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oòrùn wà lókè, mi ò sì fi ọtí kan ẹnu. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ.

Lois Nykamp ni mí. Iṣẹ́ panápaná ni mo ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná létí adágún Michigan, ní Amẹ́ríkà. Àwa mẹ́rin la jọ bẹ̀rẹ̀: èmi, Marlin Dykhouse, Harv àti Gord. Inú ilé pọ́ǹpù létí omi la ti máa ń jẹun ọ̀sán. Harv á gbé kọfí ka orí ẹ̀rọ díẹ́sẹ̀lì kó má baà tutù. Gord á pín káàdì. Oníyànjẹ ni Gord. Gbogbo wa la mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i. Ayé dùn nígbà náà.

Àrùn ọkàn ló pa Harv. Kò pẹ́ tí Gord náà fi tẹ̀ lé e. Ó wá ku èmi àti Marlin, orí wa ti funfun.

Ìgbà náà ni ìwé àṣẹ ilé-iṣẹ́ wa fẹ́ parí. Àwọn ọ̀gá ń tọrọ ogún ọdún sí i lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba ní ẹ̀rọ wa ti darúgbó, ká fi hàn pé yóò ṣiṣẹ́ bí iná bá sọ. A yẹ ilẹ̀kùn tó ń dínà iná wò, a yẹ rọ́bà omi wò, a tú àwọn ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi láti òkè àjà. Páìpù ńlá abẹ́lẹ̀ ló wá kù, èyí tó ń gbé omi adágún lọ síbi tí panápaná ti ń fà á. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò kàn án mọ́.

Wọ́n fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Katakata gbẹ́ kòtò sí ẹ̀gbẹ́ ilé pọ́ǹpù, wọ́n gé ojú kan sára páìpù náà. Àwọn òṣìṣẹ́ lọ jẹun. Èmi àti Marlin sọ̀ kalẹ̀ láti wọn bí irin náà ṣe nípọn tó.

Mo kúnlẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ìpẹtà ni mo rí. Òkùnkùn. Òórùn irin tútù.

Mo wá gbọ́ tí ẹnì kan ń po káàdì.

"Ṣé o gbọ́?" Mo bi Marlin.

"Atẹ́gùn ni."

Kò sí atẹ́gùn. Adágún náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí awo. Kò sí ẹyẹ kankan tó ń ké.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú páìpù. Ẹ̀rín Harv ni, èyí tó máa ń fi ikọ́ bẹ̀rẹ̀.

"Gord, kí lo kì bọ apá aṣọ yẹn?"

"Èmi kẹ̀? Wo ojú mi dáadáa. Ṣé ojú olè nìyí?"

"Ojú olè gan-an nìyẹn."

Òórùn kọfí jáde wá. Ẹ̀rù ò bà mí. Omijé ló ń bọ́ lójú mi. Ká ní wọ́n fi mí sílẹ̀ ni, ǹ bá sùn síbẹ̀.

Ohùn kẹta wá sọ̀rọ̀. Ohùn Marlin ni. Kì í ṣe ohùn ìgbà èwe rẹ̀ o. Ohùn há-há tó ní báyìí ni, látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọ̀fun. Harv àti Gord ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn.

Mo yíjú. Marlin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ pa dé.

"Èmi nìyẹn," ló sọ, jẹ́jẹ́.

Ohùn inú páìpù ní, "Ẹ fi àga kan sílẹ̀ fún Lois."

Ó dákẹ́. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

A wá mú ẹ̀rọ ìwọ̀n, a wọn irin náà. Ìsàlẹ̀ páìpù náà ti jẹ tán, ó tinrin bí èèpo ẹyin.

"Sọ pé ó ṣì dáa," Marlin wí.

"Kò dáa, Marlin."

"Ṣé ó já wa kulẹ̀ rí?"

"Bí iná bá sọ lọ́la tó bẹ́ ńkọ́? Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn ńkọ́?"

"Bí wọ́n bá hú u, ibo ni Harv àti Gord máa wà?"

Mo pa tọ́ọ̀ṣì náà.

Renata, ọ̀gá wa, yọ sí wa láti òkè kòtò. "Ẹ̀yin àgbà, kí lẹ bá níbẹ̀?"

Marlin ń wò mí. Mo ní, "Ó ti tinrin jù. Ká pààrọ̀ rẹ̀."

Marlin gun òkè lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí òtútù fi dé tí yìnyín sì ń bọ́.

Wọ́n hú páìpù náà. Bí wọ́n ṣe ń kó o sọ́kọ̀, mo ń gbé etí lé àwọn ègé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irin lásán ni. Wọ́n ri tuntun mọ́lẹ̀, dúdú, onírọ́bà líle. A rí ìwé àṣẹ gbà. Marlin fẹ̀yìn tì, kò jẹ́ kí wọ́n ṣe àjọyọ̀ kankan fún òun. Lọ́jọ́ Kérésìmesì ló tó kan ilẹ̀kùn mi.

"O ò ṣe ohun tó burú," ó ní. "Àárò wọn ló kàn ń sọ mí."

"Ó ń sọ èmi náà."

Nígbà tí ooru dé, èmi àti Renata lọ dán páìpù tuntun wò níbi ẹnu irin rẹ̀ tó yọ sókè ilẹ̀. Omi tú jáde, ó lágbára, ó mọ́ gaara. A tì í pa. Renata kò kúrò níbẹ̀. Ó dẹ etí.

"Àwọn wo ló ń tayò káàdì nísàlẹ̀ yìí?"

Renata ò mọ Harv. Kò mọ Gord. Kò sẹ́ni tó sọ fún un.

"Kí lo gbọ́?"

"Ọkùnrin méjì. Àti obìnrin kan." Ó wò mí lójú. "Ohùn rẹ̀ jọ tiyín gan-an."

Mo tẹ etí mọ́ irin náà. Omi tó ń rọlẹ̀ nìkan ni mo gbọ́.

"Kí ni obìnrin náà ń sọ?"

"Ó ń bi wọ́n pé ibo ni Marlin wà."

Mo pe Marlin kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Ó ń bomi rin òdòdó níwájú ilé rẹ̀, ara rẹ̀ le. A sọ̀rọ̀ nípa ìyànjẹ Gord, a rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi há. Mi ò sọ ohun tí Renata gbọ́ fún un. Mi ò tíì sọ fún un di bá a ṣe ń wí yìí.